Ẹ̀rín Tó Ń Béèrè Nǹkan: Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Obìnrin Fi Àwàdà Tún Ìlú Ṣe?

Àwọn àgbà máa ń wí pé ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí òwe yìí ń sọ ni pé kí ẹni tí ìyà ń jẹ gba kámú, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀rín méjì ni mo rí nínú òwe náà. Èkínní ni ẹ̀rín ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀rín ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, tó sì mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín, wọn kò ní jẹ́ kí òun sọ ọ́ parí. Ẹ̀rín kejì yìí ni àwọn ìyá wa ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí obìnrin máa fi àwàdà, ẹ̀fẹ̀ àti yẹ̀yẹ́ bá àwọn tó jù ú lọ wí? Bí ó bá tọ́, níbo ni ó ti yẹ kí ó dúró?

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà yóò gba ìlú mẹ́ta yìí kọjá. Ìkìrun ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Òkukù ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, inú ìjọba ìbílẹ̀ yẹn kan náà sì ni Ìnísà wà. Wọ́n ń fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sì ń ná ọjà ara wọn. Agbára yẹ̀yẹ́ kò ṣàjèjì sí wọn rárá. Ní ọdún 1878, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn alájọṣe wọn nítòsí Ìkìrun, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá lọ ló ṣègbé sínú odò Ọ̀tìn. Ogun Jálumi ni wọ́n sọ ogun náà. Ó ti lé ní 140 ọdún tí orúkọ yẹn ti ń fi àwọn tó já sómi rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé orúkọ àwọn ọ̀gágun, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé Jálumi. Èyí fi hàn wá pé yẹ̀yẹ́ máa ń pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n ó tún kìlọ̀ fún wa, nítorí ẹ̀rín aṣẹ́gun ni ẹ̀rín inú orúkọ yẹn, kò sì tún ohunkóhun ṣe. Ẹ̀rín tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ẹ̀rín ẹni tí kò ní idà lọ́wọ́.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, nítorí Yorùbá kò da gbogbo ohun ẹ̀rín pọ̀ mọ́ra. Àwàdà ni ọ̀rọ̀ tí a sọ kí ara lè tu gbogbo ẹni tó wà ní ìjókòó. Ẹ̀fẹ̀ sún mọ́ àwàdà, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ sábà máa ń ní ẹni tí ó ń bá wí. Yẹ̀yẹ́ ló le jù wọ́n lọ: ẹni tí a ń fi ṣe é mọ̀ pé òun ni, àwọn ará ibẹ̀ náà sì mọ̀. Tí yẹ̀yẹ́ bá kọjá ààlà, ó di ẹ̀sín, níbi tí a ti ń fẹ́ kí ojú ti ẹnì kan débi tí kò fi ní lè gbórí sókè mọ́. Èébú ló kẹ́yìn, kò sì sí ẹ̀rín kankan nínú èébú. Ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ ní àwàdà kí ó parí sí èébú láàárín ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀fẹ̀ lè tún ìlú ṣe gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí ẹ̀fẹ̀ ti ń parí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn obìnrin gan-an ni ọgbọ́n yìí wúlò fún jù? Ìdáhùn wà nínú bí a ṣe ń tò ó nílé. Nínú agboolé, ọjọ́ tí ìyàwó wọlé ni wọ́n ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé náà kí ó tó dé, títí kan ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ fún un. Kò gbọ́dọ̀ pè wọ́n lórúkọ. Àṣà yìí ló bí orúkọ àpèlé tí àwọn ìyàwó ilé máa ń fún àwọn ọmọ ọkọ wọn: Adúmáadán, Ìbàdíàrán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Akọ̀wé. Ìyìn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé inú agboolé rí mọ̀ pé ìyìn mìíràn ní ìwọ̀ lẹ́nu. Ká ní àbúrò ọkọ kan wà tó jẹ́ pé oorun ló máa ń sùn títí oòrùn fi máa ń yọ, tí ìyàwó ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Aláápọn. "Aláápọn, ẹ káàárọ̀ o." Ó ń kúnlẹ̀ bó ti ń pè é. Kí ni ọkùnrin yẹn fẹ́ sọ? Ta ni yóò fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n pe òun ní aláápọn? Gbogbo ilé ti gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn wí, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè ká ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà fi lè bọ́ lọ́wọ́ yẹ̀yẹ́ yẹn ni kí ó tètè máa jí.

Èyí tó tún gbòòrò jù lọ ni rárà ìyàwó. Ní agbègbè wa, ọjọ́ ìgbéyàwó ni ọmọbìnrin máa ń jáde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí yóò máa ti ọ̀dọ̀ ẹbí kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹbí kejì láti dágbére. Yóò ki oríkì ìdílé bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó tọ́ ọ, yóò tọrọ àdúrà ọmọ, yóò sì sọ ẹ̀rù tó ń bà á nípa ilé tí ó ń lọ. Ẹkún wà nínú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ó lè dá àwọn tó ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn lóhùn, tí ó lè ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àpárá, tí ó sì lè jẹ́ kí ẹbí ọkọ gbọ́ pé òun kì í ṣe ẹni tí wọn yóò máa fi nǹkan lọ̀ lójú. Ọmọ tí kò lè la ẹnu níwájú àwọn bàbá rẹ̀ lánàá, àwọn bàbá kan náà ló dúró tì í lónìí, wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń fún un lówó.

Ọ̀mọ̀wé Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970, kọ ìwé ńlá kan lórí oríkì àti àwọn obìnrin ìlú náà, I Could Speak Until Tomorrow, tó jáde ní 1991. Lára ohun tí ìwé náà jẹ́ kí ayé mọ̀ ni pé ẹnu àwọn obìnrin ni apá tó pọ̀ nínú ìtàn ìlú wà, àti pé oríkì kì í ṣe àkójọ ìwà rere nìkan. Ìwà tó pani lẹ́rìn-ín, àléébù, ọ̀ràn tí ẹnì kan dá nígbà kan rí, gbogbo rẹ̀ lè wọ inú oríkì rẹ̀. Ohun tí mo fà yọ láti inú èyí ni pé obìnrin tó ń ki ènìyàn mú ìyìn àti ìbáwí dání lẹ́ẹ̀kan náà. Olóyè tó bá gbọ́ oríkì rẹ̀ tó sì ń mi orí mọ̀ pé ẹnu tó ń gbé òun ga yẹn mọ ibòmíràn tó lè gbé òun sí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á béèrè ohun tí ẹ̀rín ń ṣe tí ìbáwí gbangba kò lè ṣe. Lójú tèmi, ohun mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, ó fún ẹni tí kò lágbára ní ibi tó lè sá sí. Bí wọ́n bá ní kí ló fi ń bú àgbà, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, eré ni mò ń ṣe." Èkejì, ó ń pe ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá bínú dá wà pẹ̀lú ìbínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa ogún ènìyàn lẹ́rìn-ín ti sọ ogún ènìyàn di ẹlẹ́rìí pé ọ̀rọ̀ òun rí bẹ́ẹ̀, nítorí ènìyàn kì í rẹ́rìn-ín ohun tí kò yé e. Ẹ̀kẹta, ó fi ọ̀nà àbọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí a bá wí. Ẹni tí a bú gbọ́dọ̀ jà padà kí ó tó lè gbé ojú rẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ṣẹ̀fẹ̀ lè bá wa rẹ́rìn-ín, kí ó sì yí ìwà rẹ̀ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i pé ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kankan ní ọjọ́ tí àwọn aboyún ń wá ṣàyẹ̀wò, ẹ ó rí bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Orin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá, àwọn aboyún á máa pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn á sì dìde jó pẹ̀lú ikùn gbẹ̀ǹdù. Wọn a kọrin nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára, nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí, nípa fífún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù 6. Ọ̀rọ̀ ọmú yìí kì í ṣe kékeré. Ilé tí ìyá ọkọ ti ń fẹ́ fún ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ní omi àti àgbo pọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyàwó kékeré pé, "Lọ sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé ohun tó ń ṣe kò dára," ta ni yóò lọ jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ́ ọ ní orin kan tó ń fi ife àgbo ṣẹ̀fẹ̀, ìyàwó yẹn lè máa kọ ọ́ níbi tó ti ń fọ abọ́. Ìyá ọkọ á gbọ́, á béèrè orin wo nìyẹn, á rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bú u. Ó lè gbé ife náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì máa wí fún aládùúgbò pé òun náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ara ọmọ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, ẹ̀rín ló sì bá a rí ọ̀nà wọlé.

Síbẹ̀, àtakò mẹ́ta wà tí kò yẹ kí á fojú fò.

Àtakò kìn-ín-ní wá láti ẹnu àwọn tó ń bọ̀wọ̀ fún àṣà. Wọ́n ní ọmọlúàbí kì í fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, pé bí obìnrin bá ti ń fi ọkọ, baálé tàbí ọba rẹ́rìn-ín, àrífín ti wọlé. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àṣà fúnra rẹ̀ kò gbè é lẹ́yìn. Yorùbá ló ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ ọdún Òkè'Bàdàn ni tọmọdé tàgbà ń kọ orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ ní ọjọ́ mìíràn. Ní ilẹ̀ Kétu, òru Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ti ń fi orin tú àṣírí àwọn tó ń ba ìlú jẹ́, nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé ní 2001. Àwọn baba wa mọ̀ pé agbára tí kò sí ẹni tó lè fi rẹ́rìn-ín máa ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà fún ọlá àwọn ìyá, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ń gbé ìboju rẹ̀, ọkùnrin ló sì ń kọ orin Ẹ̀fẹ̀. Nínú rárà ìyàwó, obìnrin ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀. Bí àṣà bá gbà kí ọkùnrin ṣẹ̀fẹ̀ lórúkọ obìnrin, kò sí ìdí tí kò fi ní gbà kí obìnrin ṣe é fúnra rẹ̀.

Àtakò kejì ló le jù lójú mi. Àwọn kan sọ pé ẹ̀rín kò tún nǹkan kan ṣe, pé ńṣe ló dà bí ihò kékeré lára ọmọrí ìkòkò: ó ń jẹ́ kí ooru jáde kí ìkòkò má baà bẹ́, iná sì ń jó lọ lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó ti sun rárà rẹ̀ tán, gbogbo ènìyàn ti sunkún, wọ́n ti rẹ́rìn-ín, wọ́n ti fún un lówó. Ní ọjọ́ kejì, ó wà nílé ọkọ, ó ń pọnmi, ẹ̀rù tó fi kọrin sì ń dúró dè é nínú yàrá. Ta ló yí ohunkóhun padà nítorí orin rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni èyí. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, rárà nìkan kò tíì gba obìnrin kankan lọ́wọ́ ọkọ tó ń lù ú. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀fẹ̀ tó, tí kò fi nǹkan mìíràn kún un, ó ń ṣe ojú rere fún àwọn tó ń ni obìnrin lára, nítorí kò sí ohun tó dùn mọ́ wọn bíi kí a rẹ́rìn-ín kí a sì lọ sùn.

Àtakò kẹta ni pé ẹnu obìnrin kì í ṣe ohun tó ń ta sí òkè nìkan. Orin òwe tí orogún ń kọ sí orogún, ta ni ó ń pa lára? Orin tí wọ́n fi ń ṣe àgàn ní yẹ̀yẹ́, èyí tí wọ́n kọ sí ọmọbìnrin tó lóyún kí ó tó relé ọkọ, èyí tí wọ́n kọ sí opó tó kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n ṣú òun lópó, obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ọ́. Ẹ̀rín nìyẹn náà, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń bá ìyà ṣọ́nà. Ẹni tí ìyà ti jẹ ló gbé ẹgba tí wọ́n fi nà án, ó sì ń fi na ẹni tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí mo ti rí ìdáhùn sí àtakò kejì ni Abẹ́òkúta. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá. Ọmọbìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọmọ ọdún 15, ọkùnrin sì di ọmọ ọdún 16. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin ọjà kóra jọ, wọ́n jókòó sí iwájú ààfin ní ìparí ọdún 1947 ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n kọrin, orin náà sì le: wọ́n fi Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́ débi tí kò sí ẹni ní ìlú tí kò rẹ́rìn-ín tàbí kí ó bojú. Ṣùgbọ́n wọn kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n kọ̀ láti san owó orí, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ wọn dé etí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Orin ló ń kó àwọn obìnrin jáde sí ìta gbangba, ìwé ló sì ń sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 1949, Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Òṣogbo, nítòsí wa níbí, ni ọba náà wá gbé. Ní ìparí ọdún 1950, ó padà sí Abẹ́òkúta, ó sì tún jọba. Apá tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé, òun ló sì wù mí jù. Wọ́n fi ọba rẹ́rìn-ín títí ó fi kúrò, wọ́n gba ohun tí wọ́n ń fẹ́, ọba sì rí ọ̀nà padà wálé.

Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlà oòrùn Nàìjíríà ní 1929 wé e. Àwọn obìnrin Ìgbò ní àṣà kan níbi tí wọ́n ti máa ń lọ sí ilé ọkùnrin tó bá ṣẹ̀ wọ́n, tí wọn á máa jó, tí wọn á máa kọrin yẹ̀yẹ́ títí yóò fi bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àṣà yìí lọ bá àwọn olóyè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ, ìbọn ni ìjọba fi dá wọn lóhùn. Ó lé ní 50 obìnrin tó kú. Ìyẹn kọ́ wa pé ẹ̀fẹ̀ ń fẹ́ àwùjọ tí wọ́n jọ gbọ́ èdè ara wọn. Níbi tí ẹni tó wà lórí àga kò bá ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, tí ojú wọn kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀, ẹ̀rín kò lè bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Òfin àti àwọn agbẹjọ́rò ló kù níbẹ̀.

Láti inú gbogbo èyí, mo rí òṣùwọ̀n mẹ́ta tí a lè fi wọn ẹ̀fẹ̀ kí á tó pè é ní àtúnṣe. Ìkínní: ta ni ó wà nísàlẹ̀? Bí ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ bá lágbára ju ẹni tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ lọ, ìnilára ni, ì báà pa gbogbo ọjà lẹ́rìn-ín. Ìkejì: ṣé ìwà ni a ń fi rẹ́rìn-ín ni tàbí ẹ̀dá? Ọ̀lẹ lè tètè jí lọ́la. Àgàn kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bímọ lọ́la. Yẹ̀yẹ́ tí ẹni tí a ṣe é sí kò lè ṣe ohunkóhun sí kì í báni wí, ìyà ló ń fi jẹni. Ìkẹta: kí ni a ń béèrè? Ẹ̀rín tí kò béèrè nǹkan kan ni ọmọrí ìkòkò tí àwọn alátakò wa ń sọ. Ẹ̀rín tó bá ní ìbéèrè lẹ́yìn, kí ó tilẹ̀ kéré bíi pé kí o máa tètè jí, ti di ọ̀rọ̀.

Òṣùwọ̀n wọ̀nyí wúlò fún wa lónìí ju ti ìgbàkígbà rí lọ, nítorí ẹ̀rín ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Rárà ìyàwó kò wọ́pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ ní ìlú wa. Ilé ìjọsìn àti gbọ̀ngàn ni ìgbéyàwó wà báyìí, àwọn alága ìjókòó àti alága ìdúró ló sì di gbohùngbohùn mú. Obìnrin ni wọ́n, ẹnu wọn sì dùn. Wọ́n ń mú kí ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń fi ẹ̀fẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹbí, gbogbo ènìyàn á sì máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rín in. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàwó tó wà níbẹ̀. Ìbòjú ti bò ó lójú, kò sì sọ gbólóhùn kan. Ìyá rẹ̀ àgbà ní Òkukù sun rárà tirẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó dá àwọn abanijẹ́ lóhùn, ó sọ ẹ̀rù rẹ̀ létí gbogbo ẹbí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí yunifásítì, ẹlòmíràn ni wọ́n sì sanwó fún kí ó bá a sọ̀rọ̀. Nínú ẹ̀fẹ̀ tí alága ń ṣe, èyí tó wọ́pọ̀ ni pé kí ìyàwó má gbàgbé ilé ìdáná, kí ó má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ, kí ó bí ìbejì láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n mẹ́ta yẹn, kí ẹ wo ibi tí yóò tẹ̀ sí.

N kò sọ pé kí a lé àwọn alága lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹnu tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ lè béèrè nǹkan mìíràn. Ta ni yóò bínú bí alága bá dá ọkọ ìyàwó dúró lórí ìdọ̀bálẹ̀ kẹta, tí ó ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ẹbí méjèèjì pé òun kò ní gbé ọwọ́ sókè sí ọmọ ọlọ́mọ láéláé? Ènìyàn á rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín, á sì sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá fẹ́ dìde, igba ènìyàn ló gbọ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀, àwọn ẹbí ìyàwó á sì ní ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ta ni yóò sì bínú bí ó bá gbé gbohùngbohùn fún ìyàwó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó sun rárà bí ìyá rẹ̀ bá ti kọ́ ọ?

Orí fóònù náà ti di ìta gbangba. Maryam Apaokagi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Taaooma, máa ń ṣe ìyá, bàbá àti ọmọ pa pọ̀ nínú eré kan ṣoṣo, ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó dé etí ọmọ sì ni ó sábà máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ìyá gan-an ló ń wò ó, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹni tó rí ara rẹ̀ nínú eré tó sì rẹ́rìn-ín ti gbà láìsọ pé ohun tí òun ń ṣe yẹn ní ọ̀rọ̀ nínú.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé ó tọ́, pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Ó tọ́ kí obìnrin fi ẹ̀fẹ̀ bá ẹni tó jù ú lọ wí, nígbà tó bá jẹ́ pé ìwà ni ó ń bá wí, tí ó ní ohun tí ó ń béèrè, tí ó sì fi ọ̀nà àbọ̀ sílẹ̀. Kò tọ́ kí ó dojú rẹ̀ kọ ẹni tó rẹlẹ̀ jù ú lọ, kò sì tọ́ kí a sọ fún un pé ẹ̀rín nìkan tó. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin kọ́ rárà lẹ́nu àwọn ìyá àgbà tó ṣẹ́kù, kì í ṣe kí wọ́n lè ṣe é lórí pèpéle ní ọjọ́ àṣà nìkan, bí kò ṣe kí wọ́n lè mọ̀ pé àyè wà nínú àṣà wa fún wọn láti la ẹnu. Ẹ̀yin baálé àti bàbá, bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn obìnrin ilé yín ń rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ má ṣe sọ pé àwàdà obìnrin lásán ni. Ẹ rọra béèrè ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ọ tán.